Ìdajì Aṣọ Tó Wà Lápò Mi

Èmi kì í fọkàn tán ènìyàn. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Bí mo bá fẹ́ dìde nídìí òfì lọ jẹun, mo máa ń fi ẹfun sàmì sí ibi tí mo hun aṣọ dé, kí n lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn mi. Ogún ọdún rèé tí mo ti ń sàmì, ẹnikẹ́ni kò jókòó síbẹ̀ rí. Àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ mi ní Ìsẹ́yìn a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Ọláoyè, òjìji ẹ ń bọ̀ wá jí òwú ẹ kó o." Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ìfura loògùn àgbà. Pańsá kò fura, pańsá já síná; àjà kò fura, àjà jìn. Èmi ò ní jìn.

Nínú oṣù Kejì ọdún yìí, Ayọ̀tọ́lá ọmọ mi mú ìwé ìkéde kan wálé láti ilé-ìwé girama rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, òun nìkan ni mo bí, èmi àti òun nìkan la sì jọ ń gbé. Ìyáàfin Fẹ́yìsetán, ọ̀gá ilé-ìwé wọn, a máa kọ ìkéde rẹ̀ ní Yorùbá, torí ó mọ̀ pé bí òun bá kọ ọ́ ní òyìnbó, àwa òbí á fi di ẹ̀pà. Èmi náà kì í sábà kà á dé ìsàlẹ̀. Mo máa ń wá ibi tí wọ́n bá ti ní kí n fọwọ́ sí, màá fọwọ́ sí i, ó parí. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, Ayọ̀tọ́lá kò kúrò níwájú mi.

"Bàbá mi, ẹ ka ti ìsàlẹ̀."

Ti òkè kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ìjì ti ṣí òrùlé kíláàsì méjì, gbọ̀ngàn ni àwọn ọmọ ibẹ̀ yóò máa lò títí káfíńtà yóò fi parí iṣẹ́. Fóònù tí wọ́n bá rí lọ́wọ́ ọmọ, ó di òpin sáà kó tó gbà á padà. Kí àwọn ọmọbìnrin di ṣùkú lọ́sẹ̀ náà, kí ọmọkùnrin tí irun rẹ̀ bá ti gùn lọ gé e, kí gbogbo wọn sì máa mú àdá wá ní Ọjọ́bọ̀ fún iṣẹ́ oko. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀gá kọ ọ́ pé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá sí ilé-ìwé, ó ní àbúrò bàbá ọmọ kan lòun, pé bàbá ọmọ náà ti ní jàǹbá, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé ọmọ lọ bá a ní ọsibítù. Wọ́n gbé ọmọ fún un. Nígbà tí ọmọ rí i pé ọ̀nà igbó ni wọ́n ń gbà lọ, ó bẹ́ sílẹ̀ nídìí ilé epo kan, orúnkún rẹ̀ bó, ó sì figbe ta. Ọkùnrin náà fi ọ̀kadà rẹ̀ sá lọ. Bàbá ọmọ náà wà lóko rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Kí gbogbo òbí wá sí ìpàdé ní ọjọ́ Sátidé.

Mo ní kí Ayọ̀tọ́lá jókòó, mo sì bi í léèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ó ní àwọn tó mọ̀ nìkan ni. Mo ní kó dárúkọ wọn.

Ní ìpàdé náà, ẹnìkan ní kí ilé-ìwé máa pe òbí lórí fóònù kí wọ́n tó fi ọmọ sílẹ̀. Mo ní ta ló mọ ohùn ta lórí fóònù? Ẹlòmíràn ní kí a ṣe káàdì onífọ́tò. Mo ní èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà láti ibí dé Ṣakí? Ìyá kan bínú sí mi, ó ní kí èmi tí mo mọ gbogbo rẹ̀ wá sọ tèmi. Mo dìde, mo sọ tèmi.

Mo ní Ìsẹ́yìn la wà, a ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá àmì kiri. Kí olúkúlùkù mú fọ́nrán aṣọ òkè kan wá, kí a gé e sí méjì lójú gbogbo ènìyàn. Ìdajì kan á wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá, nínú àpò ìwé tí orúkọ ọmọ wà lára rẹ̀. Ìdajì kejì á wà lọ́wọ́ òbí. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ jáde kí agogo tó lù, kó mú ìdajì tirẹ̀ wá, kí wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ìlà wọn bá bára mu, kó máa mú ọmọ rẹ̀ lọ. Bí kò bá bára mu, kí wọ́n ti gétì mọ́ ọn.

"Orúkọ ńkọ́?" ni ọ̀gá béèrè.

"Ẹ má béèrè orúkọ, mà. Ẹnu ló ń sọ orúkọ, ẹnu sì ń purọ́. Aṣọ nìkan."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn dọ́ba. Òótọ́ ibẹ̀ tí mi ò sọ ni pé kì í ṣe olọ́kadà nìkan ni mo ń ṣọ́. Ẹfúnwùmí ni, ìyá Ayọ̀tọ́lá.

Ọmọ Ìgànná ni Ẹfúnwùmí. Òun ló máa ń ká òwú fún mi, òun náà ló ń kó aṣọ lọ sí ọjà Ijio fún àwọn oníbàárà tó ń ti ìhà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wá. Nígbà tó bí Ayọ̀tọ́lá, mo hun aṣọ kan tó fi ṣe ìsọmọlórúkọ: ẹtù dúdú minimini, ìlà pupa mẹ́ta ní etí kan fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, etí kejì kò ní nǹkan kan. Mi ò hun irú rẹ̀ rí, mi ò sì hun irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ṣí àpótí wa, mi ò bá aṣọ náà níbẹ̀. Ẹfúnwùmí ní ikán ti ń wọ yàrá, pé òun ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Ìgànná kó má baà bàjẹ́. Mo ní irọ́ ni. Mo ní ó ti tà á ní Ijio, tàbí kó ti fi ta ọkùnrin kan lọ́rẹ. Mo sọ ọ́ láàárọ̀, mo sọ ọ́ lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó di ẹrù rẹ̀. Mo ní ọmọ kò ní bá a lọ, ẹbí mi sì gbè mí lẹ́yìn. Mo ti nọ́ńbà rẹ̀ pa lórí fóònù mi. Mi ò lọ sí Ìgànná lọ wo àpótí ìyá rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ lọ wò níbẹ̀ nígbà tí mo ti mọ̀?

Àwọn ahunṣọ yòókù gé tiwọn lára iṣẹ́ tó wà lórí òfì wọn, iṣẹ́ oníbàárà. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Oníbàárà tó bá ra ìyókù aṣọ náà, ṣé kò ti ní kọ́kọ́rọ́ gétì lọ́wọ́ nìyẹn? Èmi jókòó fún ọjọ́ méjì, mo hun fọ́nrán kan, mo sì fi ìlà ìsọmọlórúkọ ọmọ mi sí i. Aṣọ ti àkọ́kọ́ ti kọjá bodè lọ, èmi nìkan ni mo mọ bó ṣe rí. Adékúnlé tí a jọ ń lo àtíbàbà kan ń kọrin nídìí òfì tirẹ̀, mo sì fi àpò gàrí bo tèmi kó má baà yọjú wò ó. Wọ́n gé e sí méjì. Mo fi tèmi sápò. Nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní ká kọ, níbi orúkọ ìyá, mo kọ "kò sí."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń jẹun, ọwọ́ mi kan wà nínú àpò.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ní ọjọ́ Ajé kan, Ayọ̀tọ́lá ti ilé-ìwé dé, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ọmọ yìí kì í kọrin. Mo tú báàgì rẹ̀ nígbà tó lọ pọnmi. Mo bá gàrí nínú ọ̀rá, gàrí Ìgànná, èyí tó funfun tó sì rí wínníwínní. Mo bi í ta ló fún un. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni. Mo ní ọ̀rẹ́ wo? Ó dárúkọ Waheedat. Mo mọ̀ pé àwọn òbí Waheedat kì í ta gàrí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ọ.

Ó dé ìdí oúnjẹ, ó ní, "Bàbá mi, aṣọ tí ẹ gé yẹn, ṣé irú ti ìsọmọlórúkọ mi ni?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo rí i nínú fọ́tò tó wà lábẹ́ ibùsùn yín."

Mo gbé fọ́tò náà kúrò lábẹ́ ibùsùn lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tì í mọ́nú àpótí.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ayọ̀tọ́lá gbàgbé àdá rẹ̀ sílé. Ọmọ tí kì í gbàgbé nǹkan. Mo yí i wò lọ́kàn mi títí ọwọ́ mi fi kúrò lórí iṣẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago kan lù, mo gbé àdá náà, mo ní màá mú un lọ fún un. Kì í ṣe torí àdá ni mo ṣe lọ.

Bàbá Mùílì tó ń ṣọ́ gétì rí mi pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, ó kọ́kọ́ sún sẹ́yìn. Àgbàlagbà ni, ó ti wà nídìí gétì yẹn láti ìgbà tí èmi fúnra mi ti ń lọ ilé-ìwé níbẹ̀.

"Bàbá Ayọ̀tọ́lá, ṣé kò sí o? Ọmọ yín ti lọ. Ìyá rẹ̀ ló wá mú un, kò tíì tó wákàtí kan."

"Ìyá wo?"

"Ìyá rẹ̀. Ó mú aṣọ wá. Èmi fúnra mi ni mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tibí. Ó bára mu rẹ́gí."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọ́fíìsì ọ̀gá. Ìyáàfin Fẹ́yìsetán ní kí n kọ́kọ́ gbé àdá sílẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀. Ó kó ìdajì aṣọ méjì jáde látinú àpò ìwé, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì. Mo fa tèmi yọ, mo tẹ́ ẹ ṣe ẹ̀kẹta. Ẹtù dúdú mẹ́ta, ìlà pupa mẹ́ta ní etí kan, etí kejì kò ní nǹkan kan. Pupa ti èyí tí obìnrin náà mú wá ti ṣá díẹ̀, bí aṣọ tó ti rí omi. Mo rí i. Mo rí i dáadáa, mo sì gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ pé kò sí ìyá," ni ọ̀gá wí. "A rò pé olóògbé ni. Nígbà tó wọlé tí Ayọ̀tọ́lá fò mọ́ ọn lọ́rùn, kí ni ẹ fẹ́ kí n bi í? Ẹ̀yin náà lẹ ní ká má béèrè orúkọ, aṣọ nìkan."

"Wọ́n lè fi nǹkan mú ọmọ, mà. Ẹni tí wọ́n bá fi nǹkan mú, ẹ̀rín ló máa ń rín."

Ó wá fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú ìwé kékeré kan jáde tí wọ́n ti ká mọ́ra, tí wọ́n fi òwú dì. "Ó fi èyí sílẹ̀ fún yín. Ó ní kí n rí i pé ọwọ́ yín ló dé."

Mo gbà á, mo fi sápò.

"Ẹ ò ní kà á?"

"Màá kà á, mà."

Mi ò ní in lọ́kàn láti kà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí kò sí ohun tó kù tí mo fẹ́ fi pamọ́. Bí mo bá ka ìwé náà tí mo sì bá orúkọ Ẹfúnwùmí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti tọkọtaya nìyẹn. Àwọn àgbà á ní kí n fi sùúrù ṣe é, wọ́n á dá ìpàdé, wọ́n á rán mi lọ sí Ìgànná. Bí mi ò bá kà á, olè ni ó jí ọmọ mi gbé. Olè ni mo fẹ́ kó jẹ́.

Ọ̀dọ̀ Adékúnlé ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó wà nídìí òfì rẹ̀, ọ̀kọ̀ tó fi ń ju òwú ń lọ, ó ń bọ̀. Mo di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Ta lo hun aṣọ mi fún?"

"Aṣọ wo?"

"Ẹtù onílà pupa! Ìwọ nìkan lo súnmọ́ mi tó láti rí i."

"Ọláoyè, fi ẹ̀wù mi sílẹ̀. Ogún ọdún tí mo ti jókòó tì ẹ́, òfì tèmi ni mò ń wò." Kò pariwo, ìyẹn ló sì dùn mí jù. "Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ló mú un. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Lọ sí Ìgànná."

"Má dárúkọ ìyá rẹ̀ fún mi!"

Mo jáde síta, mo pe Ògúndìran, olórí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà. Mo ní obìnrin kan ti jí ọmọ mi gbé ní ilé-ìwé, pé aṣọ ayédèrú ló fi gbà á. Mo sọ bí ọmọ ṣe rí àti irú aṣọ ilé-ìwé tó wọ̀. Mo ní kí wọ́n ṣọ́ ọ̀nà Òkèhò àti Ìgànná dáadáa.

"Ṣé o mọ obìnrin náà?" ni Ògúndìran béèrè.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni mo wí.

Wọ́n rí wọn. Mọ́tò tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ ti bàjẹ́ lọ́nà, ọkọ̀ tó kó iṣu ló tún gbé wọn, ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n tíì kọjá ibi tí àwọn ọdẹ fi igi dí nígbà tí mo pè. Mo gun ọ̀kadà lẹ́yìn wọn. Ní gbogbo ọ̀nà náà, inú mi ń dùn, mo gbọdọ̀ sọ ìyẹn náà. Mò ń ro bí ojú rẹ̀ á ṣe rí nígbà tó bá rí mi. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ, mo tò ó, mo tún un tò.

Èrò ni mo kọ́kọ́ rí. Ọkọ̀ iṣu náà dúró, àwọn èrò inú rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, àwọn ará abúlé ti ti oko wá pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ń pariwo gbọ́mọgbọ́mọ. Ọdẹ kan di Ayọ̀tọ́lá lápá mú, ọmọ náà sì ń ké, ohùn rẹ̀ ti há.

"Màmá mi ni! Màmá mi ni!"

"Wọ́n ti fi nǹkan mú un," ni obìnrin kan wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ẹ ò rí ojú rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ tèmi gan-an ni. Mo wo iwájú, mo sì rí táyà àlòkù kan tí ẹnìkan ti yí wá sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ọkùnrin kan dúró tì í pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ìyẹn ṣe nílẹ̀ wa.

Ẹfúnwùmí jókòó sórí ilẹ̀. Gèlè rẹ̀ ti ṣí, iyanrìn wà nínú irun rẹ̀, ètè rẹ̀ ti wú. Kò sunkún. Ó di ìró rẹ̀ mú nídìí, ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìró náà jẹ́ ẹtù dúdú, ìlà pupa mẹ́ta ní etí kan fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Ní igun ìsàlẹ̀, wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé apá kan kúrò lára fọ́nrán tó gbẹ̀yìn.

Kò tà á. Ọdún méjì ni mo fi ń sọ pé ó tà á.

Ó gbójú sókè, ó rí mi. Kò tilẹ̀ bẹ̀ mí.

"Ìyàwó mi ni," ni mo wí. Kò sí ẹni tó gbọ́. Mo pariwo rẹ̀. "Ìyàwó mi ni! Ìyá ọmọ mi ni!"

Ariwo rọlẹ̀ díẹ̀. Ògúndìran yíjú sí mi, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "O ní o ò mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n."

"Ìgbà wo lo wá mọ̀ ọ́n?" Ó súnmọ́ mi. "Àbí ẹ jọ ń ṣe é ni? Ìwọ gan-an, ta ló mọ̀ pé ìwọ ni bàbá ọmọ? Ẹnu lásán lo fi ń sọ ọ́."

Àwọn kan nínú èrò ní òótọ́ ni, kí wọ́n di èmi náà mú. Ọkùnrin oníkẹ́ẹ̀gì yí ojú sí mi. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo fa ìdajì aṣọ mi yọ, ìwé tó wà nínú àpò sì bá a jáde, ó jábọ́. Mi ò ráyè mú un. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú Ẹfúnwùmí, mo tẹ́ ìdajì náà sí ibi tí wọ́n gé lára ìró rẹ̀. Òun ló bá mi dì í mú kó tó dúró. Ìlà pupa mẹ́ta wọnú ìlà pupa mẹ́ta. Ọ̀kan tàn ju èkejì lọ, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni.

"Èmi ni mo hun ún," ni mo wí. "Torí ìsọmọlórúkọ ọmọ yìí ni mo ṣe hun ún fún un."

Ògúndìran bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tẹ ìlà náà lọ, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ó dìde, ó sì fi ẹsẹ̀ ti táyà náà sínú kòtò. Wọ́n fi Ayọ̀tọ́lá sílẹ̀, ó sì sáré wá. Mo na ọwọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló lọ. Nígbà tó ń nu iyanrìn kúrò lójú ìyá rẹ̀ ló rí ìwé tó jábọ́, orúkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ó já òwú rẹ̀, ó ṣí i, ó kà á sókè bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní ilé-ìwé.

"Bàbá Ayọ̀tọ́lá, ẹ kú iṣẹ́. Ara ìyá mi ò yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú kan Ayọ̀tọ́lá. Mo pè yín títí, kò wọlé. Mo wá sí gétì lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní àfi aṣọ, Ayọ̀tọ́lá sì ní èyí tí ẹ gé jọ ti ìsọmọlórúkọ òun. Màá mú un padà wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ má fòyà. Ẹ má bínú pé mo gé aṣọ náà. Èmi, Ẹfúnwùmí."

Ó wo òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já kúrò lára ìwé náà, ó sì wò mí. "Ẹ ò tíì ṣí i."

"Ìgbà wo ni wọ́n fún ẹ?" ni Ògúndìran béèrè.

"Bí aago kan."

"Ìgbà wo lo pè mí?"

Mi ò lè purọ́ mọ́. "Ó ti ń lọ sí aago méjì."

Kò bú mi. Ì bá kúkú bú mi. Ó kọ́ ìbọn rẹ̀ sí èjìká, ó sọ fún awakọ̀ tó kó iṣu pé kó gbé ìyá àti ọmọ dé Ìgànná, kó sì fi wọ́n síwájú. Ẹfúnwùmí gbọn gèlè rẹ̀, ó wé e padà. Nígbà tó ń kọjá lára mi, ó dúró.

"Mo ní ọ̀dọ̀ ìyá mi ló wà," ló wí. Ó wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn gùn. Nígbà tí mo padà dé àtíbàbà, Adékúnlé ti tú òfì rẹ̀, ó ti kó o lọ sí òdìkejì ọ̀nà. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí wàhálà, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àyè tó fi sílẹ̀ pọ̀, mi ò sì ní ẹni tí mo fẹ́ fi ẹfun sàmì dè mọ́. Ìwé Ẹfúnwùmí wà lọ́dọ̀ ọmọ, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tí mi ò mọ̀ lórí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọ̀kadà dúró níwájú ilé. Ẹfúnwùmí ò sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró kí Ayọ̀tọ́lá wọlé, ó sì ní kí olọ́kadà máa lọ. Ọmọ náà kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

Bó ṣe máa ń kí àwọn tíṣà rẹ̀ nìyẹn. Ó dùn mí wọ eegun. Mo bi í nípa ìyá àgbà, ó ní wọ́n ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Ó wọlé lọ sùn.

Lọ́jọ́ Ajé, ó mú ìkéde tuntun dé. Ó gbé e lé orí òfì mi, ó sì yí padà láti máa lọ. Mo ní kó dúró, kó gbọ́ mi bí mo ṣe ń kà á. Mo kà á láti òkè. Káfíńtà ti parí òrùlé. Wọ́n ti gba fóònù mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti tíṣà. Àwọn ọmọ tí kò mú àdá wá lọ́jọ́bọ̀ yóò gbálẹ̀ gbọ̀ngàn. Mo ka èyí tó wà nísàlẹ̀ náà sókè: "A ń rán ẹ̀yin òbí létí pé kí ẹ máa ka ìwé tí wọ́n bá kọ sí yín kí ẹ tó figbe ta. Ẹ̀mí ènìyàn wà níbẹ̀." Ọ̀gá kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, gbogbo Ìsẹ́yìn sì mọ orúkọ náà.

Wọ́n ní kí bàbá àti ìyá fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí tèmi. Mo fi ti ìyá sílẹ̀ lófìfo.

"Ní ọjọ́ Ẹtì, mú un lọ fún ìyá rẹ kí ó fọwọ́ sí i. Kó wá mú ẹ ní ilé-ìwé, kí ẹ jọ máa lọ."

"Kí ni wọ́n máa fi mú mi? Ọ̀gá ní àwọn ò ní gba èyí tí wọ́n gé yẹn mọ́."

Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo mú ìdajì tèmi jáde. "Èyí ni. Fún un."

Kò gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi á máa dúró níwájú gétì títí agogo á fi lù, bí àwọn òbí yòókù."

Ó gbà á. Ó mú un lọ sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn gbé ń wọlé, ó yí i sí òdì, ó yí i sí ojú, ó sì fi ìka ka ìlà pupa rẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ó fa òwú etí rẹ̀ wò bóyá á já. Ó ń wò ó bóyá ayédèrú ni mo fún òun. Mo jókòó, mò ń wò ó, mi ò sì lè bínú sí i. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ.